Kí Ni “Knot” Tí Wọ́n Fi Ń Ka Eré Ọkọ̀ Òkun, Ibo Ló sì Ti Wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó epo. Nígbàkígbà tó bá ń ròyìn ìrìn àjò wọn, á ní, “À ń sá knot méjìlá.” Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ knot, ó ní kókó okùn ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àhesọ lásán ni, pé kò sí bí kókó okùn ṣe lè di òṣùwọ̀n eré. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Kí ló sì dé tí wọn kò lo kìlómítà bíi ti mọ́tò? Ṣé “knot méjìlá ní wákàtí kan” ló yẹ kí n máa wí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre. Kókó okùn gan-an ni, kókó tí wọ́n fọwọ́ ta, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kà bó ti ń yọ́ kọjá láàárín ìka. Lónìí, knot kan túmọ̀ sí máìlì òkun kan ní wákàtí kan, máìlì òkun kan sì jẹ́ mítà 1,852 géérégé. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń sá knot 12 ń rin kìlómítà 22 lé díẹ̀ ní wákàtí. Bí ẹ bá fẹ́ máa fẹnu ṣírò rẹ̀, ẹ sọ iye knot di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá yọ díẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Knot 10 á fún yín ní kìlómítà 18 àti ààbọ̀, knot 20 á fún yín ní 37.

Ìdáhùn kúkúrú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè ni ọ̀rẹ́ yín béèrè: báwo ni kókó okùn ṣe ń ka eré? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìṣòro tó wà nílẹ̀. Lórí títì, òpó iná wà, ilé wà, igi wà; èèyàn ń rí i pé òun ń kọjá lára nǹkan. Láàárín agbami, kò sí ohun tó dúró sójú kan. Omi ni níwájú, omi ni lẹ́yìn, omi náà sì ń rìn fúnra rẹ̀. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, ohun mẹ́ta ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tó dé: ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí, bí ọkọ̀ ti ń sáré tó, àti iye wákàtí tó ti fi ń sá a. Kọ́ńpáàsì ń sọ ti àkọ́kọ́, agogo iyanrìn (ìgò méjì tí iyanrìn ń dà láti inú ọ̀kan sínú èkejì) ń sọ ti ìkẹta. Èyí tó wà láàárín, eré ọkọ̀, ló fojú wọn rí nǹkan. Nígbà tí Columbus la Òkun Atlantic kọjá ní 1492, ojú ló fi ń wọn eré ọkọ̀ rẹ̀. Àgbà atukọ̀ á wo ìfófòó omi tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á wo bí ìgbòkun ti kún tó, á sì fojú dá a.

Àwọn mìíràn a máa ju igi kékeré sómi níwájú ọkọ̀, wọn a sì ka àkókò tó gbà kí ìdí ọkọ̀ tó kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ gígùn ọkọ̀ lè ti ibẹ̀ ṣírò eré rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ àkókò yẹn kéré jù. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 80, tó ń sá knot 8, á kọjá lára igi náà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Bí ẹni tó ń kà á bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ṣìṣe, ìṣirò gbogbo ọjọ́ náà ti wọ́.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n so okùn mọ́ igi náà, wọ́n sì jù ú sẹ́yìn dípò iwájú. William Bourne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé tí a mọ̀, ìwé kan tó kọ fún àwọn atukọ̀ ní 1574. Igi náà ni wọ́n ń pè ní log, okùn rẹ̀ sì ni log-line. Nígbà tó yá, igi náà di pàtákó pẹlẹbẹ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin òbíríkítí. Wọ́n ń fi òjé sí etí rẹ̀ tó tẹ̀, kí ó lè wà lóròó nínú omi, kí etí yẹn wà nísàlẹ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì yọ sókè díẹ̀. Okùn tín-ín-rín mẹ́ta ni wọ́n ń so mọ́ igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n á wá kó wọn pọ̀ mọ́ okùn gígùn náà, kí ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ lè kọjú sí ọkọ̀. Bó ṣe dúró báyẹn, omi ti dì í mú, kò lè tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ń lọ, pàtákó dúró, okùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń tú. Ẹni tó bá ti ju garawa sínú kànga jíjìn rí á mọ bó ṣe rí: okùn ń gba àárín ọwọ́ sá lọ, àtẹ́lẹwọ́ á sì mọ bí eré náà ti pọ̀ tó kí ojú tó mọ̀ ọ́n.

Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe é. Ẹni kìíní á gbé igi tí wọ́n ká okùn mọ́ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó lè máa yí láìsí ìdíwọ́. Ẹni kejì á di agogo iyanrìn mú, ó sì lè jẹ́ ọmọdé inú ọkọ̀. Ẹni kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá, ló ń ju pàtákó sómi láti ìdí ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá. Okùn tó bá kọ́kọ́ jáde kò ní kókó lára. Ó wà níbẹ̀ kí pàtákó lè jìnnà sí omi tí ọkọ̀ ti rú ni. Àkísà kékeré kan ni àmì òpin rẹ̀. Bí àkísà yẹn bá ti kan ọwọ́ ọ̀gá, á kígbe pé, “Yí i!” Ọmọdé á dorí agogo kodò, iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ìṣẹ́jú àáyá 28 ló ní. Okùn ń sá, kókó ń kọjá: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí iyanrìn bá ti tán, ọmọdé á kígbe pé, “Dúró!” ọ̀gá á sì gbá okùn mú pinpin. Bí okùn ti gbọ̀n lójijì báyẹn, èèkàn kékeré tó de ọ̀kan nínú okùn mẹ́ta náà mọ́ pàtákó á já kúrò, pàtákó á dùbúlẹ̀ sórí omi, wọn á sì lè fà á padà sínú ọkọ̀ láìbá omi jìjàkadì. Kókó mélòó ló kọjá? Mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọkọ̀ ń sá knot 6 àti ààbọ̀.

Kí ó má baà rújú: okùn ńlá náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ta ní kókó láti òkè délẹ̀. Okùn tín-ín-rín ni wọ́n ń há sáàárín ìlọ́po rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti wọ̀n, wọ́n á sì ta kókó sí ìyẹn, méjì síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà lóru lè fi ọwọ́ mọ iye tó ti jáde láìtan àtùpà. Nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jù ú, ọ̀sán ati òru. Àwọn ọkọ̀ oníṣòwò a máa jù ú ní wákàtí méjì-méjì.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín yóò ti gbà ni ìṣirò. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Bí a bá fi 28 pín in, ó di nǹkan bí 128 àti ààbọ̀. Máìlì òkun tí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,080. Bí a bá pín ìyẹn náà sọ́nà 128 àti ààbọ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan á tó ẹsẹ̀ bàtà 47 àti íńṣì 3 lé díẹ̀. Àlàfo tí wọ́n fi sáàárín kókó kan àti èkejì nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú àáyá 28 ti kéré sí wákàtí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àlàfo kókó kéré sí máìlì òkun. Nítorí náà, iye kókó tó bá jáde kí iyanrìn tó tán ni iye máìlì òkun tí ọkọ̀ máa rìn ní wákàtí kan bí kò bá yí eré rẹ̀ padà. Kò sí ìsọdipúpọ̀, kò sí pínpín, kò sí ìwé. Atukọ̀ tí kò mọ “a” yàtọ̀ sí “b” lè ka eré ọkọ̀, nítorí ẹni tó wọn okùn náà ti bá a ṣe ìṣirò sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtukọ̀, n kò tíì rí ohun èlò tí mo bọ̀wọ̀ fún tó èyí: igi, okùn, òjé àti iyanrìn, pẹ̀lú làákàyè tó so wọ́n pọ̀.

Okùn yẹn gùn o. Bí ọkọ̀ bá ń sá knot 10, okùn tó máa jáde kí ìṣẹ́jú àáyá 28 tó pé á ju mítà 140 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní agogo iyanrìn kejì tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 14 lọ, fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Bí wọ́n bá lo ìyẹn, wọ́n á sọ iye kókó di ìlọ́po méjì.

Ẹsẹ̀ bàtà 47 yẹn kò déédéé wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣá, ìtàn bí wọ́n ṣe dé orí rẹ̀ sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé máìlì òkun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Agogo ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n ń lò, àlàfo kókó wọn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42. Ìṣirò yẹn bára mu pẹ̀lú ara rẹ̀, àmọ́ kò bá ilé ayé mu, torí ayé tóbi ju bí wọ́n ti rò lọ. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Richard Norwood ló fẹsẹ̀ rin ín. Ní oṣù kẹfà 1633, ó wọn bí oòrùn ti ga tó lọ́sàn-án gangan ní London. Ní oṣù kẹfà 1635, ó wọ̀n ọ́n ní York tó wà lápá àríwá. Ó sì wọn ojú ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì, ó fi ṣéènì wọn ibi kan, ó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ ní ibòmíràn, ó sì ń yọ ti òkè àti kọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kúrò. Ìyàtọ̀ tó wà nínú gíga oòrùn níbi méjèèjì ló fi mọ ìdá tí ọ̀nà náà jẹ́ nínú yíká ayé. Ohun tó rí, tó sì tẹ̀ jáde ní 1637, ni pé máìlì òkun kan yẹ kó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6,120. Ti òde òní jẹ́ nǹkan bí 6,076. Ẹni tó ń fi ṣéènì wọn títì láyé tí títì jẹ́ ẹrẹ̀, tí kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà! Ó yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún okùn ni pé àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 42 ti kúrú jù. Ọkọ̀ tó ń sá knot 10 lóòótọ́ á máa ka 12. Norwood ní kí wọ́n sún kókó jìnnà síra wọn, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 50. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ kọ̀. Wọ́n fi okùn sílẹ̀ bó ti wà, wọ́n bu iyanrìn inú agogo kù díẹ̀ dípò rẹ̀, àwọn kan kò sì yí ohunkóhun padà rárá. Àwọn tó ń kàwé láyé ìsinsìnyí a máa pe èyí ní agídí. Èmi kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Okùn tó ń ka àkàjù á mú kí ọ̀gá ọkọ̀ rò pé òun ti sún mọ́ ilẹ̀ ju bó ti sún mọ́ ọn lọ. Á tètè rán èèyàn gun òpó lọ máa wò, á tètè dín ìgbòkun kù. Okùn tó ń ka àkàdín á jẹ́ kí ó sùn fọnfọn títí apata á fi jí i. Àwọn tó ń fi ẹ̀mí ara wọn ṣe iṣẹ́ náà mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Iye tí wọ́n bá kà, wọ́n á fi ẹfun kọ ọ́ sórí pátákó dúdú, tó bá yá, wọ́n á dà á kọ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló di logbook, ìwé àkọsílẹ̀ log. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ti ayé àtijọ́, ẹ ó rí ìlà gbọọrọ-gbọọrọ tí wọ́n fi lẹ́tà lé lórí: H fún wákàtí, K fún knot, F fún fathom. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni fathom kan, òun ni wọ́n sì fi ń ka ìdá kókó tó bá ṣẹ́kù. Ìtọ́sọ́nà ọkọ̀, afẹ́fẹ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà á tẹ̀ lé e. Láti ara ìwé yìí náà ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ti mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń rí lójú fóònù wa lójoojúmọ́: log in. Kí èèyàn tó wọlé, ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ àti àsìkò tó dé sínú ìwé. Igi tí wọ́n ń jù sómi ní 1574 ló bí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkàndínlógún, pàtákó àti okùn yìí wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹrú kò sì yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti Wídà àti Èkó lọ sí Bahia àti Cuba wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹ̀wọ̀n, lókè sì rèé, ẹnì kan ń dorí agogo kodò, ẹnì kan ń ka kókó, ẹnì kan ń kọ 5 tàbí 6 sábẹ́ K. Mo ti wo ojú ìwé irú àwọn logbook bẹ́ẹ̀. Ìlà K kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń sunkún lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn tí àwọn oníṣòwò náà kọ, irú ìwé yìí wà lára ohun tí àwọn òpìtàn fi mọ ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà àti iye ọjọ́ tó lò lórí omi, nítorí náà mi ò lè ní kí wọ́n sọ wọ́n nù.

Eré ọkọ̀ ló sì ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà sílẹ̀ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ Pọtogí tó gbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, kúrò ní Èkó ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin 1822 kò rìn jìnnà kí Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó ká a mọ́; Freetown ní Sàró ni wọ́n sọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà kalẹ̀ sí ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú mìíràn sá mọ́ wọn lọ́wọ́, torí pé wọ́n kàn wọ́n fún eré ni, ọkọ̀ ogun sì wúwo. Ọ̀kan nínú àwọn tó yára jù ni Henriquetta, tó ń kó èèyàn láti etíkun wa lọ sí Bahia. Nígbà tí wọ́n mú un ní 1827, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Black Joke, wọ́n sì fi òun fúnra rẹ̀ máa lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì 1829, ó lé ọkọ̀ Sípéènì kan, El Almirante, fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó bá a, bẹ́ẹ̀ ìbọn ńlá tó wà lórí rẹ̀ kéré níye gan-an sí ti ọkọ̀ Sípéènì yẹn, tó ní 14. Nínú irú ìlépa bẹ́ẹ̀, kókó kan péré tó bá lé lórí okùn ló ń pààlà láàárín òmìnira àti oko ìrèké.

Etíkun wa yìí kan náà ló tún ń fi àléébù òṣùwọ̀n náà hàn. Omi ni pàtákó dúró lé, omi sì ń rìn. Ìṣàn kan wà lójú òkun wa tí wọ́n ń pè ní Guinea Current, tó ń ti ìwọ̀-oòrùn ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn níwájú Ghana, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ká ní ọkọ̀ kan kúrò ní Èkó, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, okùn rẹ̀ sì ń ka knot 4, àmọ́ omi ń gbé e padà ní knot 1. Lẹ́yìn wákàtí 24, ìwé rẹ̀ á ní òun ti rin máìlì òkun 96. Ohun tó rìn lóòótọ́ kò ju 72 lọ. Ó ti fi kìlómítà 44 ṣìnà lọ́jọ́ kan, láìsí ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ wá fi kún un pé gígùn okùn ń yí padà bó ti ń rẹ tó sì ń gbẹ, ọ̀rinrin sì ń mú kí iyanrìn lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ okùn sómi kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹwàá 1707, ọkọ̀ ogun mẹ́rin tí Ọ̀gágun Cloudesley Shovell ń kó bọ̀ wálé láti Mẹditaréníà kọlu apata erékùṣù Scilly lóru, ènìyàn tó lé ní 1,400 sì kú, Shovell pẹ̀lú wọn. Wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ní 1714, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi owó tó tó £20,000 lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè rí ọ̀nà tó dájú láti mọ bí ọkọ̀ ti jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Aago tí John Harrison, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ló wá yanjú ìyẹn nígbà tó yá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kìlómítà. Wọn kò fi máìlì òkun sílẹ̀ nítorí pé inú ayé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Láti agbedeméjì ayé títí dé orí ayé lápá àríwá (North Pole) jẹ́ dígírì 90, dígírì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 60 (ìdá dígírì ni ìṣẹ́jú yìí, kì í ṣe ti aago), ìṣẹ́jú kan sì ni máìlì òkun kan. Ìṣẹ́jú wọ̀nyí ti wà létí máàpù òkun, lápá ọ̀tún àti òsì. Atukọ̀ á na kọ́ńpáàsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sórí máàpù, á gbé e lọ sí etí rẹ̀, á sì ka máìlì níbẹ̀ láìṣírò ohunkóhun. Ẹ fi Èkó wò ó. Èkó wà ní dígírì 6 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 lókè agbedeméjì ayé. Mẹ́fà lọ́nà 60 jẹ́ 360, fi 27 kún un, ó di 387. Nítorí náà, láti Èkó lọ tààrà sí gúúsù dé agbedeméjì ayé jẹ́ máìlì òkun 387. Ọkọ̀ tó ń sá knot 12 á débẹ̀ láàárín wákàtí 32 lé díẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà, ẹ ó rí i pé ẹ máa wá kọ̀ǹpútà.

Ayé kò rí róbótó délẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan jẹ́ nǹkan bí mítà 1,843 ní agbedeméjì ayé, kí ó sì jẹ́ 1,862 lẹ́bàá orí ayé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń lo tirẹ̀, títí ìpàdé àgbáyé kan tó wáyé ní Monaco ní 1929 fi ní kí gbogbo wọn gba mítà 1,852. Amẹ́ríkà gbà á ní 1954, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1970. Àwọn awakọ̀ òfurufú náà ń bá wọn lò ó, torí pé ìlà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé yí ayé po. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń ròyìn fún ẹni tó fẹ́ balẹ̀ sí Ìkẹjà, knot ni wọ́n fi ń kà á.

Okùn ti kógbá wọlé tipẹ́. Ní ọ̀rúndún ìkọkàndínlógún, ẹ̀rọ tó ń yí nínú omi bó ti ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ló gba ipò rẹ̀, lónìí ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ àti sátẹ́láìtì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ ó sábà rí eré méjì lójú ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ òkun òde òní: eré tó ń sá nínú omi, àti eré tó ń sá lórí ilẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí sátẹ́láìtì ti rí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìṣàn omi tí pàtákó kò lè rí. Knot ni wọ́n fi ń ka méjèèjì.

Ní ti “ní wákàtí kan,” ẹ má fi kún un. Wákàtí ti wà nínú knot láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iyanrìn wọn okùn. “Knot 12” ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ lo wákàtí, ẹ ní “máìlì òkun 12 ní wákàtí kan.” Ẹ ó rí i nínú ìwé àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ pé àwọn náà ń kọ knot mélòó kan ní wákàtí, torí pé lẹ́nu wọn, knot tún lè dúró fún máìlì òkun fúnra rẹ̀. Ìlò yẹn ti kú lórí omi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ níwájú ọ̀gá ọkọ̀ lónìí, á tún un ṣe fún un lójú ẹsẹ̀.